Ìtọ́sọ́nà: Bí a Ṣe ń Fi Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Oníṣẹ́ Púpọ̀ Sára Pikọ́ọ̀pù ní Ìbàdàn, àti Bí a Ṣe ń Lò Ó

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó ní pikọ́ọ̀pù ń bi mí léraléra, yálà Hilux ni wọ́n ń wà ni tàbí Silverado tókunbọ̀: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ó máa ń ká, tí a lè sọ di àtẹ̀gùn tàbí tábìlì iṣẹ́, ṣé a lè fi í sára ọkọ̀ tí kò bá wá láti ilé iṣẹ́? Ó ṣeé ṣe fún ọkọ̀ díẹ̀, kò sì ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń rìn láàárín Mọ́kọ́lá àti Challenge. Àpótí ẹrù ọkọ̀ yín ni yóò pinnu rẹ̀, ohun yòówù tí ẹni tí ń ta ilẹ̀kùn náà ìbáà sọ fún yín. Ìdí nìyí tí wíwọ̀n fi ṣáájú ríra nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí ríra sì fi ṣáájú títú bóòtù.

Irú ilẹ̀kùn tí ẹ lè bá pàdé

Irú mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lára àwọn pikọ́ọ̀pù ńlá láti Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí kò sì jọra.

- Ti General Motors: GMC ń pè é ní MultiPro, ó sì bẹ̀rẹ̀ lára Sierra ọdún 2019, Chevrolet ń pè é ní Multi-Flex lára Silverado láti ọdún 2021. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ilẹ̀kùn ńlá, etí kan tí ó ṣeé gbé dìde sì wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀kùn kékeré náà.
- Ti Ram: a pín in sí méjì, 60 sí 40, ó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé, síbẹ̀ a tún lè dà á sílẹ̀ lódindi bí ti àtijọ́.
- Ti Ford: ó wà lára F-150 ọdún 2024, ilẹ̀kùn kékeré tí ó wà láàárín rẹ̀ ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń dúró ní ìwọ̀n igun (dígírì) 37, 70 tàbí 100 bí a bá ṣe fẹ́.

Ti General Motors ni èmi yóò gbájú mọ́, nítorí òun ni àwọn ènìyàn ń béèrè jù, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti bà jẹ́ bí ẹni tí ń lò ó kò bá mọ ìtẹ̀léra rẹ̀. Ìdúró mẹ́fà ni ó ní:

1. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀ lódindi, bí ti pikọ́ọ̀pù gbogbo.
2. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀, etí ìpẹ̀kun rẹ̀ sì dìde láti dá ẹrù gígùn dúró.
3. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀, ti kékeré sì ká wálẹ̀, kí ẹ lè sún mọ́ àpótí ẹrù láìna ọwọ́ jìnnà.
4. Ti kékeré ká wálẹ̀, etí náà sì di àtẹ̀gùn tí ó gba gbogbo ìbú ọkọ̀.
5. Ilẹ̀kùn ńlá dúró ní títì, ti kékeré nìkan ni ó ṣí, ó sì di tábìlì tí ènìyàn lè dúró tì ṣiṣẹ́.
6. Bákan náà, ṣùgbọ́n etí ti dìde lórí tábìlì náà láti dá ẹrù gígùn tí a gbé sókè dúró.

Ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó wọ ọjà

Àṣìṣe tí ó ń ná àwọn ènìyàn lówó jù ni pé wọ́n gbà pé orúkọ kan náà ni ara kan náà. Silverado 1500 ti ọdún 2016 àti ti ọdún 2020 ń jẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n àpótí ẹrù wọn yàtọ̀, ilẹ̀kùn ọ̀kan kò sì lè wọ èkejì láìjẹ́ pé a gé nǹkan. Ohun tí ó tún ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé ní ọdún 2019, General Motors ṣì ń ta ara àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tuntun: Silverado LD àti Sierra Limited ti ọdún náà jẹ́ ara àtijọ́. Bí ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún yín bá wí pé "2019 ni", ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú: àmì kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún ni ó ń fi ọdún hàn, K dúró fún 2019, L fún 2020, M fún 2021, N fún 2022. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wá LD tàbí Limited lára ọkọ̀ náà.

Bí ọdún bá ti bára mu, ẹ ṣe àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí pẹ̀lú téèpù irin, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀:

1. Ìbú láti òpó àpótí ẹrù kan sí èkejì, níbi mẹ́ta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ọkọ̀ náà ti lu nǹkan rí, ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ lọ.
2. Láti igun òkè òsì sí igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ tún wọn èkejì. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹnu àpótí náà ti yẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ lè máa tì bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun pẹ̀lú ti jẹ gba ìyẹ̀ náà. Ti tuntun kò níí gbà.
3. Gíga láti ilẹ̀ àpótí ẹrù dé etí òkè.
4. Àwòrán àgbékọ́ òsì àti ti ọ̀tún, àti ti irin tí ìkọ́ ilẹ̀kùn ń há mọ́ lára òpó méjèèjì. Ẹ ya fọ́tò wọn ní tòsí, pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.
5. Ibi tí wáyà kámẹ́rà ẹ̀yìn ti ń wọlé, àti bí ojú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣe rí.

Ilẹ̀kùn MultiPro ti Sierra lè wọ àpótí Silverado tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan náà, ṣùgbọ́n ìlà ara méjèèjì kò rí bákan náà, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ gbé e kọ́ kí ẹ sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀yìn kí ẹ tó ná owó ọ̀dà. Multi-Flex ni kí ẹ wá bí Silverado bá ni ọkọ̀ yín.

Ríra ilẹ̀kùn tókunbọ̀ ní Àgodi-Gate

Ọjà àfidípò ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó wà ní Gate ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ mú àwọn fọ́tò àti ìwé ìwọ̀n yín dání, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú wọ̀n ọ́n fún yín. Ilẹ̀kùn nìkan kọ́ ni ẹ ń rà: bí wọ́n bá ti tú u kúrò lára ọkọ̀ láìkó àwọn ohun tí ó bá a rìn, ẹ óò máa wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ kò bá sì rí ni yóò dá iṣẹ́ dúró.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ pé:

- okùn irin méjèèjì tí ń gbé ilẹ̀kùn ró, láìsí èyí tí ó já lára àwọn fọ́nrán rẹ̀
- àgbékọ́ òsì àti ọ̀tún, pẹ̀lú rọ́bà inú wọn
- irin tí ìkọ́ ń há mọ́, méjèèjì
- wáyà láti inú ilẹ̀kùn dé ibi tí ó ti bọ́ sí ti ọkọ̀, kí púlọ́ọ̀gì ìpẹ̀kun méjèèjì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ gé e, ẹ bá wọn dín owó náà gan-an tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.
- kámẹ́rà, bí ó bá wà

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan káàkiri ojú ilẹ̀kùn náà. Ní ilẹ̀kùn tí ó jẹ́ irin, ibi tí kò bá ti fà mọ́ ọn dáadáa ni wọ́n ti fi pọ́tì dí ihò tàbí ibi tí ó wọnú. Ẹ dà á dé orí tábìlì tàbí táyà, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ láìkọ́ ibì kankan, ó sì gbọ́dọ̀ há padà ní òsì àti ní ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó bá há ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì ti yí lára.

Ẹ gba rìsíìtì tí ó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́, kí ẹ sì jọ ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù wà lára ohun tí olè máa ń tú, ó sì yẹ kí ẹ lè fi hàn pé ẹ rà á ni. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú rìsíìtì pé bí kò bá wọ ọkọ̀ yín, wọn yóò gbà á padà láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ẹni tí ó bá dá a lójú pé ọjà rẹ̀ yóò wọ̀ kò níí jà lórí ìyẹn.

Yíyọ ti àtijọ́ àti gbígbé tuntun kọ́

Ilẹ̀kùn yìí wúwo ju ti lásán lọ, nítorí pé ilẹ̀kùn méjì ni ó wà nínú ara wọn. Ẹni mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀: méjì láti gbé, ẹnì kan láti wo àgbékọ́ àti wáyà. Ẹ kó sípánà, orí Torx (èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bí ìràwọ̀), súkúdíráfà pẹlẹbẹ, bùláńkẹ́ẹ̀tì, téèpù tí àwọn akunọkọ̀ ń lò, okùn tín-ín-rín àti iná tọ́ọ̀ṣì sí ìtòsí.

1. Ẹ wá ibi tí ó tẹ́jú. Ilẹ̀ ìlú wa kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàlá tí ó bá dà bí ẹni pé ó tẹ́jú lè má tẹ́jú rárá. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi dí táyà méjì.
2. Bí bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń fa tírélà bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.
3. Ẹ tú orí òdì (négétíìfù) bátìrì.
4. Ẹ lẹ téèpù mọ́ igun bọ́ńpà àti etí iná ẹ̀yìn méjèèjì. Ibẹ̀ ni igun ilẹ̀kùn ń ha nígbà tí ọwọ́ bá yẹ̀.
5. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wáyà ilẹ̀kùn àtijọ́. Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ so okùn tín-ín-rín náà mọ́ ọn, kí okùn náà dúró sínú ihò nígbà tí wáyà bá jáde. Òun ni ẹ óò fi fa wáyà tuntun wọlé láìda ara yín láàmú.
6. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àtijọ́, kí ẹni méjì dì í mú. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí okùn irin rọ̀, ẹ fi súkúdíráfà gbé irin pẹlẹbẹ tí ó di orí okùn náà mú, kí ẹ sì yọ okùn kúrò lórí bóòtù rẹ̀. Ẹ ṣe èkejì bákan náà.
7. Ẹ dá ilẹ̀kùn dúró ní nǹkan bí ìwọ̀n 45, láàárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni àgbékọ́ ọ̀tún ti ní àyè láti jáde sókè. Bí ó bá ti jáde, ẹ fa ilẹ̀kùn sí ọ̀tún kí ti òsì lè yọ. Bí kò bá jáde, ẹ má fi ọmọlù lù ú. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú àgbékọ́ náà: ibi tí ó ti là ni ọ̀nà, ẹ yí ilẹ̀kùn sókè tàbí sísàlẹ̀ títí tí yóò fi bá ọ̀nà náà mu.
8. Ẹ nu àgbékọ́ ara ọkọ̀ mọ́, kí ẹ pa rọ́bà inú rẹ̀ dà bí ó bá ti jẹ.
9. Kí ẹ tó gbé ilẹ̀kùn tuntun, ẹ pa ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ dé, kí ẹ sì fi okùn dè é yíká. Àìṣe èyí ni ó ń fa ìpalára jù nínú iṣẹ́ yìí: bí ó bá ṣí nígbà tí ó wà lọ́wọ́ yín, yóò bọ́ sórí ẹsẹ̀ tàbí kí ó fún ìka ẹni tí ó dì í mú.
10. Ẹ fi òsì wọlé ní ìwọ̀n 45 kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ẹ so okùn irin méjèèjì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ sílẹ̀.
11. Ẹ rọra tì í. Ẹ má gbá a. Bí ìkọ́ kò bá há, ẹ tú bóòtù irin tí ó ń há mọ́ díẹ̀, títí yóò fi ṣeé fi ọwọ́ sún, ẹ tì í kí irin náà fúnra rẹ̀ wá àyè, kí ẹ sì dì í padà.
12. Ẹ wo àlàfo òsì àti ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Páálí kan tí ó bá wọ ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́kípẹ́kí gbọ́dọ̀ wọ èkejì bákan náà.

Níbi ìgbésẹ̀ kọkànlá ni ẹnìkan nínú ìsọ̀ yóò ti dámọ̀ràn pé kí a fi fáìlì ha òpó díẹ̀, "kí ó lè wọlé". Ẹ má gbà. Bí ìwọ̀n igun sí igun bá dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó tọ́ kò nílò kí a ha nǹkan kan. Bí ó bá sì nílò rẹ̀, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mìíràn ni ẹ rà, rìsíìtì yín sì wà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ wáyà

Ẹ fi èyí lé ríwáyà tí ó mọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ti ní ilẹ̀kùn tí a ń fi bọ́tìnì ṣí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà lè mọ sí púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá jẹ́ ti ọwọ́ lásán, a ní láti fa iná tuntun láti ibi àwọn fíùsì wá sí ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà ara ọkọ̀ sì lè nílò kí a fi ẹ̀rọ sọ fún un pé ilẹ̀kùn tuntun ti dé.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n gé wáyà iná ẹ̀yìn, kí wọ́n sì so mọ́tò ìkọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wáyà yẹn tín-ín-rín, iná kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Mọ́tò yóò fa iná jù ú lọ, yóò gbóná, ẹ lè pàdánù iná bíréèkì lójú ọ̀nà Ìwó Road ní alẹ́ láìmọ̀. Kí ríwáyà fún un ní fíùsì tirẹ̀ àti rílè tirẹ̀ (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń darí iná ńlá), kí ó sì ṣe é kí bọ́tìnì má lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2024 General Motors pe àwọn pikọ́ọ̀pù Silverado àti Sierra ńlá, 2500 àti 3500 ti ọdún 2020 sí 2024, tí ó ju 320,000 lọ padà, nítorí pé omi lè wọ bọ́tìnì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí iná sì ṣí ìkọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ilẹ̀kùn tí ó wá láti ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pa bọ́tìnì náà dà kí ẹ tó gbé e kọ́. Ní ìgbà òjò, ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní irú ilẹ̀kùn yìí máa fi ọwọ́ fà á wò kí ó tó gbéra.

Ẹ dán nǹkan wọ̀nyí wò kí ríwáyà tó lọ:

- ilẹ̀kùn ńlá ń ṣí láti ojú bọ́tìnì tirẹ̀, ti kékeré náà láti ojú tirẹ̀
- kámẹ́rà ń fi àwòrán hàn, kò sì dorí kodò
- iná bíréèkì, iná ẹ̀yìn àti íńdíkétọ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí àti ní títì

Bí ó bá jẹ́ Hilux ni ẹ ní

Ọ̀pọ̀ yín ni èyí kàn. Ilẹ̀kùn Sierra kò lè wọ Hilux, Hilux kéré sí i níbùú, àgbékọ́ wọn kò sì jọra. Àwọn kan máa ń lọ bá jórinjórin pé kí ó gé ilẹ̀kùn Hilux láàárín kí ó sì fi àgbékọ́ ilẹ̀kùn ilé sí i. Èmi kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Bí a bá gé ojú irin inú ilẹ̀kùn náà, agbára tí ó fi ń gbé ẹrù ti lọ, ibi tí a gé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láàárín òjò kan sí èkejì.

Ìwúwo pàápàá wà níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn mílímítà 3, tí ó fẹ̀ tó mítà 1.4 ní ìbú àti mítà 0.5 ní gíga, ju kílò 16 lọ kí a tó so àgbékọ́ kankan mọ́ ọn. Okùn irin méjì tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ni ẹ fẹ́ kó gbogbo ìyẹn lé, pẹ̀lú ènìyàn tí yóò tún dúró sórí rẹ̀. Okùn wọ̀nyí kì í kéde kí wọ́n tó já: ní ọdún 2004 General Motors pe pikọ́ọ̀pù tí ó tó mílíọ̀nù 4 padà nítorí pé okùn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ń dípẹtà lábẹ́ rọ́bà tí ó bò ó, níbi tí ojú kò dé.

Ohun tí ó dára jù fún Hilux, D-Max tàbí L200 ni kí ẹ fi bóòtù so ohun tí ẹ nílò gan-an mọ́ ọn, èyí tí ẹ lè tú bí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀:

- Ṣọ́ọ̀kì kékeré tí ń mú ilẹ̀kùn rọra wálẹ̀. Ó wà fún Hilux ní pàtó, ihò tí ó ti wà lára ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tí ó tọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó bá a wá bá ṣe wí, nítorí èyí tí a bá dorí rẹ̀ kodò kì í pẹ́.
- Àtẹ̀gùn tí a fi bóòtù dì mọ́ férémù lábẹ́ bọ́ńpà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ bọ́ńpà nìkan ni yóò gbé e.
- Páákó pílíwúùdù tí ó nípọn mílímítà 18, tí a gé sí ìwọ̀n ojú ilẹ̀kùn, tí a sì fi kápẹ́ẹ̀tì bò nísàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ lé ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ tì í sẹ́yìn ìjókòó nígbà tí ẹ bá ń lọ. Fún káfíńtà tàbí onífùrémù tí ó ń ṣe iṣẹ́ lójú ọ̀nà, ohun olówó kékeré yìí sàn ju ọ̀pọ̀ ohun olówó ńlá lọ.

Bí jórinjórin bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan férémù láti ṣe ibi tí àtẹ̀gùn yóò jókòó sí, ẹ tú orí bátìrì méjèèjì kí ó tó tan iná, kí ó sì di okùn ìpadàsẹ́yìn (earth) ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ibi tí ó súnmọ́ ojú iṣẹ́ pẹ́kípẹ́kí. Iná tí ó bá gba inú wáyà ọkọ̀ kọjá lè pa kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Lílò rẹ̀: bọ́ọ̀lù tírélà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbàjẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lára ilẹ̀kùn General Motors kò ní ohun tí ó kan ilé iṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn ńlá bá ti wà nílẹ̀, tí a sì tẹ bọ́tìnì ti kékeré, ti kékeré yóò ká wálẹ̀ lójijì síwájú bọ́ńpà. Bí bọ́ọ̀lù irin bá wà níbẹ̀, ojú ilẹ̀kùn kékeré yóò gbá a, yóò sì wọnú. Pánẹ́ẹ̀bítà kì í lè tún un ṣe dáadáa nítorí pé nǹkan ìkọ́ àti wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà:

1. Ẹ yọ bọ́ọ̀lù náà bí ẹ kò bá ń fa tírélà ní ọjọ́ náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọ̀ṣọ́.
2. Bí tírélà bá wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kékeré nìkan ni kí ẹ ṣí, pẹ̀lú ti ńlá ní títì, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè wà.
3. Ẹ fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn kékeré mú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kí ẹ má jẹ́ kí ó já bọ́.
4. Bí ẹ bá ń tì í padà, ti kékeré ni yóò kọ́kọ́ há, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òsì àti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti ńlá. Ẹni tí ó bá pa ilẹ̀kùn ńlá dé nígbà tí ti kékeré kò tíì há yóò yí àgbékọ́ rẹ̀.
5. Ẹ fi ọwọ́ fà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Àtẹ̀gùn náà lè gbé kílò 170, gẹ́gẹ́ bí GMC ti sọ. Ìwúwo ènìyàn àti ti ohun tí ó gbé ni wọ́n ń kà pọ̀. Ẹni tí ó wọn kílò 90 tí ó sì gbé àpò kan tí ó jẹ́ kílò 50 dé orí rẹ̀ kò tíì kọjá, ṣùgbọ́n ẹni méjì kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ papọ̀, bí ó ti wù kí ẹrù pọ̀ tó lọ́jọ́ náà. Ẹ nu ojú rẹ̀ nígbà òjò. Amọ̀ pupa ìlú yìí ń yọ̀ bí ọṣẹ lórí ike.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tẹ bọ́tìnì. Àlàfo láàárín ilẹ̀kùn kékeré àti ti ńlá fẹ̀ tó láti gba ìka ọmọdé nígbà tí ó bá ń tì, kò sì ní rọ́bà kankan tí yóò gba ìka náà là.

Ẹrù: ibi tí etí ìdádúró ti wúlò àti ibi tí kò ti wúlò

Páákó ẹsẹ̀ bàtà 12 láti ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Bódìjà gùn tó mítà 3.66. Àpótí Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin (double cab) jẹ́ nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀. Bí ẹ bá dà ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tún fi nǹkan bí ìdajì mítà kún un, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò yọ jáde lẹ́yìn ọkọ̀ láìsí ohun tí ó gbé e ró, ó ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Kò sí etí ìdádúró tí ó lè yí ìṣirò yẹn padà. Ẹ gbé irú rẹ̀ sórí férémù tí ó kọjá lórí ọkọ̀, tàbí kí ẹ háyà ọkọ̀ tí ó gùn.

Ohun tí etí náà dára fún ni ẹrù tí ó gùn díẹ̀ ju àpótí lọ, tí kò sì wúwo: páìpù ike, pílíwúùdù tí ẹ gbé lé orí ẹrù mìíràn, àkàbà. Ó ń dá a dúró kí ó má yọ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dè é. Bẹ́líìtì ìdẹrù ni ó ń dè é, méjì ó kéré tán, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gun òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú páìpù tí kò dè yóò mọ ìyàtọ̀ náà kí ó tó dé òkè.

Ẹrù wúwo kò gbọdọ̀ fara ti ilẹ̀kùn oníṣẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá gbé sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí àwọn àpò náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ dípò kí ẹ tò wọ́n sókè, kí àlàfo sì wà láàárín àpò ìkẹyìn àti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ dè é mọ́ òrùka ilẹ̀ àpótí. Ìkọ́ ilẹ̀kùn kékeré wà fún gbígbé ilẹ̀kùn kékeré. Wọn kò ṣe é láti gba ìgbá jẹnẹrétọ̀ tí ó ń yọ̀ bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí ẹ bá ní láti rìn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ rántí pé kámẹ́rà yóò máa wo ilẹ̀, ilẹ̀kùn lè bo nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì lè dá yín dúró nítorí rẹ̀. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìpẹ̀kun ẹrù ní ọ̀sán, iná pupa ní alẹ́.

Ìtọ́jú, àti ọ̀rọ̀ olè

Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá àgbékọ́. Gírísì tí ó nípọn ń kó eruku náà jọ, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ń ha irin. Ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ àgbékọ́ àti ìkọ́ náà mọ́, kí ẹ sì fín òróró sílíkóónù tí ó ń gbẹ sí i. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín ṣí ihò omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tí ó bá dúró sínú rẹ̀ ni yóò dé ibi bọ́tìnì. Ẹ wo okùn irin níbi tí ó ti wọ orí rẹ̀; bí fọ́nrán kan bá ti já, ẹ pa méjèèjì dà.

Ilẹ̀kùn tí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbé kọ́ ni olè náà yóò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbé lọ. Lọ́ọ̀kì oníkọ́kọ́rọ́ ń dènà ṣíṣí, kò dènà yíyọ bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Ohun tí ó rọrùn ni kílíìpù irin tí a fi ń di páìpù rédíétọ̀: ẹ fi í yíká àgbékọ́ ọ̀tún, níbi tí ó ti máa ń jáde, kí ẹ sì dì í le. Ẹni tí kò bá ní súkúdíráfà lọ́wọ́ kò níí rí ilẹ̀kùn náà gbé sókè.

Ilẹ̀kùn àtijọ́

Ẹ má tà á kíákíá. Ẹ dúró títí ti tuntun yóò fi rí òjò kan kọjá láìní ìṣòro, nítorí bí wáyà tàbí ìkọ́ bá kọ̀, ti àtijọ́ ni ẹ óò gbé padà kí ọkọ̀ lè máa ṣiṣẹ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ní ìdúró, lórí igi, kúrò lórí ilẹ̀, pẹ̀lú okùn irin rẹ̀, àgbékọ́ rẹ̀ àti bóòtù rẹ̀ nínú ọ̀rá kan tí ẹ so mọ́ ọn. Bí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ilẹ̀kùn tí ó pé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni wọn yóò rà lọ́wọ́ yín ní owó gidi ní Gate.